Ọwọ́ Aláró Kọ́ Ni Owó Aláró: Ìdáhùn fún Àwọn Tí Ń Ṣe Magasíìnì fún Iṣẹ́ Ilé-ẹ̀kọ́

Lẹ́tà kìíní

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Abẹ́òkúta. Ní sáà ẹ̀kọ́ yìí, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú ṣe magasíìnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kí a wá ọ̀rọ̀, kí a ya fọ́tò, kí a ṣètò ojú ìwé, kí a sì tẹ ẹ̀dà mẹ́ta wá. Mo yan àwọn aláró àti àwọn tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, mo sì pe orúkọ ìwé mi ní "Ọwọ́ Aláró", nítorí pé ọwọ́ ìyá àgbà kan tí aró ti wọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ ni mo yà sí iwájú rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ rí i, ó ní iwájú ìwé náà kún jù, pé ojú òun kò mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ bà lé. Àkọlé mẹ́sàn-án ni mo kó síbẹ̀, mo sì lo oríṣi lẹ́tà mẹ́rin. Àwọn àmì ohùn ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, òmíràn ń di àpótí òfìfo, ìdí nìyẹn tí mo fi yọ gbogbo wọn kúrò, tí àkọlé fi di "OWO ALARO" gàdàgbà. Ojú ìwé méjìdínlógún ni mo ṣe, ṣùgbọ́n ogún ni ilé ìtẹ̀wé kó fún mi, méjì tó gbẹ̀yìn sì ṣófo. Àwọn fọ́tò tí ó dán lórí fóònù mi ṣú nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n, ojú wọn sì fọ́. Olùkọ́ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ṣì í ṣe? Ṣé dandan sì ni àmì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń ka Yorùbá láìsí i? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfaradà. Má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ tí a dá padà yìí já ọ kulẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìtòkú, tí ó jókòó ti ìyá aláró, tí ó sì rí i pé ara ọwọ́ ìyá náà ni ìtàn wà, ti ṣe apá tí ó le jù nínú iṣẹ́ magasíìnì. Èyí tí ó kù ṣeé kọ́. Ibi tí o parí ìbéèrè rẹ sí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ká mi lára jù.

Dandan ni àmì. Wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iwájú ìwé rẹ. Ẹni tí ó bá rí "OWO ALARO" lè kà á sí owó aláró, ó lè kà á sí òwò aláró, ó sì lè kà á sí ọ̀wọ̀ aláró. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ọjà ni ó ti pàdé rẹ̀, owó ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Fọ́tò rẹ ń sọ̀rọ̀ ọwọ́, àkọlé rẹ ń sọ̀rọ̀ owó, àwọn méjèèjì sì ń ta ko ara wọn lójú òǹkàwé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka Yorùbá tí kò lámì lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mọ ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì mọ ohun tí wọ́n ti jọ ń sọ bọ̀, èyí ni ó ń bá a tú u. Àkọlé iwájú ìwé kò ní alátìlẹ́yìn kankan. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, wọ́n dá dúró níwájú àjèjì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí o ní lọ́kàn gan-an.

Ìlú tí o wà yìí náà tún yẹ kí ó fún ọ ní ìwúrí. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ *Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* jáde ní ọdún 1859, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ ìlà kan. Ní 1875, ìpàdé pàtàkì tún wáyé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ṣe wàhálà lórí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí àwọn bàbá wa. Kò yẹ kí àwa tí a ní kọ̀ǹpútà lórí tábìlì wá máa yọ àmì dànù nítorí pé fọ́ǹtì kan, ìyẹn oríṣi lẹ́tà kan, kò gbà á.

Ìdí tí àmì fi ń sá kúrò lórí lẹ́tà rẹ nìyí. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. "Ẹ" ní tirẹ̀, "ọ" ní tirẹ̀, "ṣ" ní tirẹ̀, "á" àti "à" náà sì ní tiwọn. Ṣùgbọ́n "ẹ́", "ẹ̀", "ọ́" àti "ọ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún wọn. Lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń kọ, lẹ́yìn náà ni a ó gbé àmì ohùn lé e lórí, ọwọ́ fọ́ǹtì ni ó sì kù sí láti mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó. Fọ́ǹtì tí a ṣe láìro ti èdè wa yóò ju àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Nítorí náà, kí o tó yan fọ́ǹtì èyíkéyìí, tẹ àwọn ọ̀rọ̀ bíi "Ọ̀ṣọ́", "ẹ̀wẹ̀" àti "ṣẹ́ṣẹ́" sínú rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí o sì tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Noto Serif, Noto Sans, Charis SIL àti Gentium gba gbogbo àmì wa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ inú ìwé: méjì ti tó. Nígbà tí oríṣi lẹ́tà bá di mẹ́rin lójú ìwé kan, òǹkàwé yóò rò pé ènìyàn mẹ́rin ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmì tún ń béèrè ààyè. Bí lẹ́tà rẹ bá jẹ́ point 10 (point ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn lẹ́tà àti ààyè ìlà), ohun tí kọ̀ǹpútà sábà máa ń fún ìlà kọ̀ọ̀kan láìbéèrè ni point 12. Ìyẹn tó fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti Yorùbá, àmì tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà ìlà òkè yóò máa forí gbá àmì ohùn ìlà tí ó tẹ̀ lé e. Sọ ọ́ di 13 ó kéré tán, 14 ni èmi fẹ́ràn jù. Bí o bá sì fẹ́ kọ àkọlé ní lẹ́tà ńlá, ìlà méjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà síra ju bí o ti rò lọ.

Ohun kan wà níhìn-ín tí mo ti jìyà rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo fi lẹ́tà funfun tínínrín kọ oríkì ìlú kan sórí àwọ̀ dúdú, ó sì rẹwà lójú kọ̀ǹpútà. Íǹkì mẹ́rin ni ó di àwọ̀ dúdú yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pléètì tirẹ̀ (awo onírin tí ń gbé íǹkì náà), bí pléètì kan bá sì fi ìwọ̀n irun orí yẹ̀, íǹkì yóò ya wọ inú funfun. Nígbà tí ìwé jáde, lẹ́tà ṣeé kà, ṣùgbọ́n àmì tí ó wà lórí wọn ti rì pátápátá. Bàbá àgbà kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú náà kà á fún mi bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe oríkì wọn ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní láti fi funfun kọ̀wé sórí àwọ̀, mo máa ń lo lẹ́tà tó ki, tí kò kéré sí point 12. Ọ̀rọ̀ inú ìwé, íǹkì dúdú kan ṣoṣo lórí funfun ni mo ń fi tẹ̀ ẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iwájú ìwé tí ó kún jù. Padà sí Ìtòkú, kí o sì bi àwọn àgbà léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aládìrẹ kì í kàn da aró sáṣọ. Ó máa ń kọ́kọ́ pín aṣọ náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, bí ó ti hàn gbangba lára èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn, kí ó tó ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láti ya àwòrán tirẹ̀ sínú igun kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í wọ ibẹ̀. Ìyẹn ni pé kí aṣọ tó kan ìkòkò aró rárá, ìyá yìí ti pinnu ibi tí kò ní í gba aró. Èyí gan-an ni iṣẹ́ ẹni tí ń ṣètò ojú ìwé. Fa ìlà tí a kò ní í tẹ̀ sórí ojú ìwé rẹ, pín in sí òpó ọ̀rọ̀ mẹ́ta, fi etí sílẹ̀ lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí gbogbo ojú ìwé sì tẹ̀ lé ìpín kan náà. Fọ́tò lè gba òpó kan, ó lè gba méjì, ó lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò gbọ̀dọ̀ gba òpó kan àti ààbọ̀ láìnídìí. Lẹ́yìn náà ni kí o wá pinnu ibi tí kò ní í gba íǹkì. Mo rí i pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n bá rí ààyè funfun, wọ́n á rò pé olùkọ́ yóò sọ pé àwọn kò ṣiṣẹ́ tó, wọn a sì wá òdòdó tàbí ìràwọ̀ dí i. Ààyè náà ni ó ń jẹ́ kí a rí ọwọ́ ìyá yẹn.

Nínú àkọlé mẹ́sàn-án tí o kó síwájú ìwé, orúkọ magasíìnì àti ìtàn kan ni kí ó tóbi. Méjì mìíràn lè wà ní lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀, kí àwọn yòókù lọ sí ojú ìwé tí ó ń tọ́ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní òwúrọ̀, níbi tí àwọn ènìyàn máa ń pé jọ sí láti ka àkọlé láìra ìwé. Wàá rí i pé olùtajà máa ń to ìwé lé ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé òkè ìwé nìkan ni ó sábà máa ń hàn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń wà lókè. Nígbà tí o bá tún tirẹ̀ ṣe tán, gbé e sílẹ̀, fi ẹsẹ̀ mẹ́fà rìn sẹ́yìn, kí o sì wo ohun tí ojú rẹ kọ́kọ́ bà lé. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ náà, iṣẹ́ ṣì kù.

Ọ̀rọ̀ ojú ìwé ogún rọrùn. Bébà kan tí a ká sí méjì máa ń di ojú ìwé mẹ́rin, nítorí náà magasíìnì tí a fi pín gún ní àárín gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin lọ́nà iyekíye: mẹ́rìndínlógún, ogún, mẹ́rìnlélógún. Méjìdínlógún kò sí níbẹ̀. Ká bébà márùn-ún pọ̀, kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé wọn, kí o sì tú wọn palẹ̀: wàá rí i pé ojú ìwé 1 àti 20 wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lára bébà kan, 2 àti 19 ní òdìkejì rẹ̀, àròpọ̀ méjèèjì yóò sì máa jẹ́ 21 títí dé àárín. Kọ ohun tí yóò wà ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sára ìwé kíká yìí pẹ̀lú pẹ́ńsù kí o tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá.

Ní ti fọ́tò, ohun méjì ni ó ṣe ọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ilé ìtẹ̀wé ń fẹ́ pixel 300 nínú ínǹṣì kan (pixel ni ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí ó para pọ̀ di fọ́tò). Fọ́tò tí yóò kún ojú ìwé A4, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 210, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 297, gbọ́dọ̀ ní nǹkan bíi pixel 2480 ní ìbú àti 3508 ní gígùn, kí a tó fi mìlímítà mẹ́ta kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀bẹ tí yóò gé e. Fọ́tò tí ó ní pixel 1200 ní ìbú kò lè ju ínǹṣì mẹ́rin lọ kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Bí ó bá jẹ́ pé WhatsApp ni o fi kó fọ́tò rẹ láti fóònù dé kọ̀ǹpútà, ó ti fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè yára rìn. Fi wọ́n ránṣẹ́ bí document, tàbí kí o fi okùn fà wọ́n.

Èkejì ni àwọ̀ aró fúnra rẹ̀, ó sì bani nínú jẹ́ pé àwọ̀ tí ìwé rẹ dá lé lórí yìí wà lára èyí tí ó ṣòro jù láti tẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti búlúù ni fóònù fi ń dá àwọ̀. Cyan, magenta, yellow àti dúdú ni ilé ìtẹ̀wé ń lò, íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò sì lè dé ibi tí búlúù tó jinlẹ̀ ń dé lójú fóònù. Sọ fọ́tò rẹ di CMYK (orúkọ ìkékúrú íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí) fúnra rẹ kí o tó gbé e lọ, kí o lè rí ìyípadà náà lójú ara rẹ. Bí ìwọ̀n magenta bá súnmọ́ ti cyan jù, aró yóò di àlùkò. Jẹ́ kí magenta fi nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí cyan. Mú ègé àdìrẹ gidi kan dání lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí o bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan wò, kí o sì gbé méjèèjì síta sínú oòrùn. Ìyá tí ó ri aṣọ náà sáró yóò mọ̀ bóyá aró òun ni.

Lẹ́tà kejì

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ọmọkùnrin mi ní irú iṣẹ́ magasíìnì bẹ́ẹ̀ láti ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní kí n san owó fún ẹnì kan ní Ṣómólú kí ó bá òun ṣètò gbogbo rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ṣe. Ṣé kí n san án? — *Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkòròdú*

Ìdáhùn

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, sà. Ẹ san owó ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san ti ìṣètò. Kì í ṣe pé mo fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn oníṣẹ́ Ṣómólú. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kà ní Èkó, ọwọ́ wọn ni ó ti jáde, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ́ wà nínú iṣẹ́ yìí gan-an ni ọmọ fẹ́ gbé fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní ọmọ yín fi ọ̀rọ̀ wá awakọ̀ kan lẹ́nu wò, tí ohun tí ó kọ sílẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ 1,500, ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì tí ó fi sílẹ̀ fún un kò lè gbà ju 800 lọ pẹ̀lú fọ́tò. Ọ̀rọ̀ 700 gbọ́dọ̀ lọ. Ta ni yóò mọ̀ pé ìbéèrè kẹta ni ọkàn ìtàn náà, àti pé ohun tí awakọ̀ sọ nípa ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò? Ẹni tí ó jókòó tì í nìkan ni. Oníṣẹ́ tí ẹ sanwó fún yóò fi ọ̀wọ̀ ṣe ohun tí ó lè ṣe: yóò dín lẹ́tà kù títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wọlé, tàbí kí ó gé e láti ìsàlẹ̀, níbi tí ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tó dùn jù wà. Gígé ọ̀rọ̀ ara ẹni máa ń dunni, mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò mọ ohun tí ìtàn wọn ń sọ, àfi ìgbà tí ààyè tán tí wọ́n sì ní láti yan ohun tí yóò kù.

Bí ó bá jẹ́ pé owó ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ ọ́ lóminú, Scribus wà lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ṣe é fún ìwé olójú púpọ̀. Ẹ fi owó tí ẹ bá fi pamọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣómólú pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́. Kí ó rí pléètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó rí bí wọ́n ṣe ń mú wọn bára dọ́gba, kí ó sì dúró ti ẹ̀rọ tí ń gé etí ìwé. Kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè. Inú àwọn oníṣẹ́ máa ń dùn láti ṣàlàyé fún ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn.

Lẹ́tà kẹta

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó yẹ kí n fi nọ́ńbà ISSN sí magasíìnì tí mo ṣe fún ìdánwò, kí ó lè jọ ti gidi? Ṣé mo sì lè lo fọ́tò tí mo rí lórí Google? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo*

Ìdáhùn

Má ṣe hùmọ̀ nọ́ńbà kankan. ISSN jẹ́ nọ́ńbà kan, tí ó ní ẹyọ mẹ́jọ, tí a ń fún ìwé tí ń jáde léraléra, Ilé Ìkówèésí Àpapọ̀ ni ó ń fúnni ní Nàìjíríà, ìwé tí yóò jáde lẹ́ẹ̀kan fún olùkọ́ kò sì nílò rẹ̀. Fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Olùkọ́ yóò rí i pé o mọ ibi tí ó yẹ kí ó wà.

Google kọ́ ni ó ni àwọn fọ́tò wọ̀nyẹn, ó kàn ń fi ibi tí wọ́n wà hàn ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní Copyright Act 2022, dáàbò bo ẹni tí ó yà wọ́n. Ya tirẹ̀, kódà bí kò bá dára tó ti wọn. Gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí o fẹ́ yà kí o tó gbé fóònù sókè. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sì yá ọ ní fọ́tò kan, kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà point 7, kí o sì bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí orúkọ náà.